Físíìsì àti Iṣẹ́ Ẹnjiníà: Ìdáhùn fún Ọmọ tí ó Béèrè Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà tí a ti lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. A rò pé ó tọ́ kí á gbé e ka iwájú yín, nítorí ohun tí ó dé bá wa lè dé bá ẹnikẹ́ni tí yóò dúró níwájú ọmọ.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí jangirọ́fà. A fi han àwọn ọmọ pé bí ọmọ tí ó wọn kìlógíráàmù 30 bá jókòó ní mítà 2 sí àárín igi, ọmọ tí ó wọn kìlógíráàmù 20 péré lè bá a dọ́gba bí ó bá sún sẹ́yìn dé mítà 3. Nítorí 30 lọ́nà 2 jẹ́ 60, 20 lọ́nà 3 náà sì jẹ́ 60. Nígbà tí agogo lù tí àwọn yòókù ti jáde, ọmọbìnrin kan dúró dè wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, físíìsì yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́. Ẹnjiníà ni mo sì fẹ́ dà. Bí mo bá lọ kọ́ físíìsì ní yunifásítì, ṣé n ó di ẹnjiníà?" Àwa kò ronú rárá, a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì." Inú rẹ̀ dùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa lẹ́bi. A wo ìwé, a bi àwọn tí ó mọ̀ jù wá lọ léèrè, a sì rí i pé ìdáhùn wa kò tọ́. Bí ọmọ náà bá tẹ̀lé e, ó lè lo ọdún 4 lójú ọ̀nà kan kí ó tó mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn ni òun ń wá. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a bi léèrè kò bá mọ ọ̀nà, abèèrè pàápàá yóò ṣìnà. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni físíìsì? Òun ni ẹ̀kọ́ tí ń wádìí ìṣe ooru, ìmọ́lẹ̀, ìró, òòfà, iná mànàmáná, ìwúwo àti ìrìn ohun gbogbo. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Kí ló fà á tí ó fi rí báyìí?" Kí sì ni iṣẹ́ ẹnjiníà? Òun ni iṣẹ́ tí ń lo ìmọ̀ náà, pẹ̀lú ìmọ̀ mìíràn, láti ṣe ohun tí ènìyàn yóò lò. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé, "Báwo ni a ó ṣe é tí yóò fi lágbára, tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, tí owó tí a ní yóò sì ká a?"

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan tí ẹni tí ó bá ti dé Èkó kò ní ṣàì mọ̀. Afárá Third Mainland, tí a parí ní ọdún 1990, gùn ju kìlómítà 11 lọ. Físíìsì kọ́ wa pé bí irin bá gbóná, yóò gùn sí i. Bí ooru bá fi dígírì 1 lé sí i, irin yóò fi nǹkan bí ìdá 12 nínú mílíọ̀nù kan gígùn rẹ̀ gùn sí i. Bí apá kan afárá bá gùn tó mítà 100, tí oòrùn sì fi dígírì 20 mú un gbóná ju ti òwúrọ̀ lọ, ìṣirò wa yóò fi hàn pé yóò gùn sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.4. Físíìsì fi hàn wá pẹ̀lú pé gígùn kọnkéré nínú ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti irin dọ́gba. Nítorí náà ni a ṣe lè tẹ́ irin sínú kọnkéré tí ọ̀kan kò sì ní ya èkejì.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì parí sí lórí ìwé, ibẹ̀ gan-an sì ni ti ẹnjiníà ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni yóò fi àlàfo sílẹ̀ láàárín apá kan àti èkejì, kí afárá lè rí àyè nà. Òun ni yóò pinnu irú irin àti rọ́bà tí yóò wà ní ojú àlàfo náà, tí ọkọ̀ akẹ́rù yóò máa gùn kọjá lọ́sàn-án lóru. Òun ni yóò mọ ìgbà tí wọn yóò gbó, iye tí ìpààrọ̀ wọn yóò ná ìlú, àti ọ̀nà tí àwọn ènìyàn yóò gbà kọjá nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ní ọdún 2020 a ti apá kan afárá yìí láti pààrọ̀ irú àwọn ojú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ará Èkó ni ó sì mọ ìnira náà lára. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ìṣirò sẹ̀ǹtímítà 2.4 ṣe, olùkọ́ yóò fi ìlà pupa sí i. Bí ẹnjiníà bá ṣì í ṣe, ẹ̀mí ènìyàn ni yóò wà nínú ewu.

Àwọn kan a máa rò pé físíìsì ni bàbá tí iṣẹ́ ẹnjiníà sì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìtàn kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1712, Thomas Newcomen, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣòwò irin, ti ṣe ẹ̀rọ tí èéfín omi híhó ń gbé ṣiṣẹ́ láti fa omi jáde nínú ihò èédú. Ní ọdún 1763 a gbé àwòṣe kékeré ẹ̀rọ náà fún James Watt, oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Yunifásítì Glasgow, kí ó tún un ṣe. Watt ṣàkíyèsí pé àgbá irin kan náà ni a ń mú gbóná tí a sì tún ń mú tutù nígbà gbogbo, tí ooru púpọ̀ fi ń ṣòfò. Ní ọdún 1765 ó ronú kan àgbá kejì tí yóò máa tutù, kí ti àkọ́kọ́ lè máa gbóná títí. Kò sí ẹni tí ó tíì lè sọ ní kíkún nígbà náà bí iṣẹ́ ti ń jáde lára ooru. Ọdún 1824 ni Sadi Carnot, ẹnjiníà ọmọ-ogun ilẹ̀ Faransé, tó tẹ ìwé jáde tí ó ṣàlàyé pé bí ibi gbígbóná ti gbóná tó àti bí ibi títutù ti tutù tó ni ó ń pinnu iṣẹ́ tí a lè rí gbà. Ẹ̀rọ ti fi ọdún 112 ṣáájú àlàyé.

Ṣùgbọ́n ní ti iná mànàmáná, àlàyé ni ó ṣáájú. Michael Faraday ni ó fi hàn ní ọdún 1831 pé bí a bá ń ti òòfà wọlé tí a sì ń fà á jáde nínú wáyà tí a ká, iná mànàmáná yóò sáré nínú wáyà náà. Ó tó ọdún 1882 kí àwọn ẹnjiníà tó fi ẹ̀rọ ńlá tan iná fún àwọn oníbàárà ní Lọ́ńdọ́nù àti ní New York. Nítorí náà kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹrú èkejì. Ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì ni wọ́n; bí ọ̀tún bá wẹ òsì tí òsì sì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn lè ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Paul Dirac gba oyè nínú iṣẹ́ ẹnjiníà mànàmáná ní Bristol ní ọdún 1921, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, kò sì rí ṣe. Ó padà sídìí ìṣirò, ó lọ sí Cambridge ní ọdún 1923, nígbà tí ó sì di ọdún 1933 a fún òun àti Erwin Schrödinger ní ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì. Nílé wa níhìn-ín, ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awojobi, tí a bí ní Òṣòdì ní ọdún 1937, tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ẹ̀rọ ní Zaria kí ó tó lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ́nù. Ohun tí ó wádìí níbẹ̀ ni bí ohun wíwúwo ti ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ tí ń tẹ̀ tí ó sì ń padà bọ̀ sípò. Ìbéèrè físíìsì ni èyí, ẹnjiníà ni ó sì bi í, nítorí ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n lè ba ìpìlẹ̀ tí ó dúró lé jẹ́. Òun yìí kan náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ìdarí ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní apá ọ̀tún sí apá òsì. Ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Èkó títí ó fi kú ní ọdún 1984.

Wàyí o, kí ni kí á wí fún ọmọ tí ó béèrè ọ̀nà? Èkíní, kí ó fọkàn balẹ̀. Bí ó bá mú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì dáadáa ní sẹ́kọ́ńdírì, ilẹ̀kùn méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí ó bá ń kọ orúkọ ẹ̀kọ́ sínú ìwé ìwọlé sí yunifásítì ni oríta dé.

Èkejì, kí ó mọ ohun tí oríta náà jẹ́. Ní Nàìjíríà, ọdún 4 ni a sábà fi ń kọ́ físíìsì, a sì ń fi ọdún 5 kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Láti ọdún 1970 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní COREN sílẹ̀ láti máa kọ orúkọ àwọn ẹnjiníà sínú ìwé. Oyè físíìsì nìkan kò tó láti kọ orúkọ ẹni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí fojú tín-ín-rín físíìsì. Àwọn tí ó kọ́ ọ wà lára àwọn tí ń wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀, àwọn tí ń wọn ìtànṣán tí a fi ń wo aláìsàn jẹjẹrẹ, àti àwọn tí ń kọ́ ọmọ. Bí kò bá sì sí àwọn olùkọ́ físíìsì, ta ni yóò tọ́ ẹnjiníà ọ̀la?

Ẹ̀kẹta, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Nígbà tí jangirọ́fà bá dọ́gba, ṣé ìdí tí ó fi dọ́gba ni ó ń dá a lọ́rùn, àbí ó ti ń ronú bí yóò ṣe kan èyí tí kò ní tètè ṣẹ́? Bí ó bá jẹ́ èkejì, kí ó tún wo orí ìwé físíìsì tí ó fẹ́ràn jù. Ẹni tí ó fẹ́ràn agbára àti ìwúwo lè wo iṣẹ́ afárá àti ilé. Ẹni tí ó fẹ́ràn ooru àti ìrìn, iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó fẹ́ràn òòfà àti wáyà, iṣẹ́ mànàmáná.

Ẹ̀kẹrin, kí ó mọ̀ pé ìwé kò ní tó o. Ẹnjiníà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde a máa bẹ̀rù pé òun kò mọ nǹkan kan nígbà tí ó bá dé ibi iṣẹ́, òótọ́ sì ni pé ó kù púpọ̀ tí kò mọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe dá ètò SIWES sílẹ̀ ní ọdún 1973, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan kí ó tó gba oyè. Kí ó má ṣe gbéraga sí àwọn tí ń jó irin àti àwọn bíríkìlà tí yóò bá níbẹ̀. Kí ó máa béèrè, kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé. Watt pàápàá, oníṣẹ́ ọwọ́ ni.

Kí a tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, a pe ọmọbìnrin ọjọ́sí. A sọ fún un pé a ti ṣì í dá lóhùn, a sì to àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Tíṣà, èwo ni kí n wá mú?" A kò bá a mú un. A ní kí ó lọ fi igi àti ìṣó kan jangirọ́fà kékeré kan, kí ó ṣàkíyèsí ohun tí ọkàn rẹ̀ yóò máa bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń kàn án.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kò sí ìtìjú nínú kí olùkọ́ wí fún ọmọ pé, "Jẹ́ kí n lọ wádìí i." Ìtìjú wà nínú kí á fi ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ darí ìrìn ọdún púpọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.