Ọjà Tí A Kò Pàtẹ: Bí Ọmọ Wa Tó Ń Gé Fídíò ní Jos Ṣe Lè Fi Iṣẹ́ Rẹ̀ Hàn Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Jos, òde kan kì í kọjá láìsí fídíò. Ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú àgbà ni o, ayẹyẹ ẹgbẹ́ ni o, ẹni tó gbé kámẹ́rà máa wà níbẹ̀. Òun la máa ń rí. A kì í rí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru, tó sọ fídíò wákàtí 6 di ìṣẹ́jú 40 tó ṣe é wò. Ẹ́dítọ̀ là ń pè é, àwọn ọmọ wa sì wà nínú wọn dáadáa.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí òde bá ti parí, iṣẹ́ náà á wọ inú fláàṣì oníbàárà, ó di àwátì. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan láti Èkó tàbí Àbújá bá ní, “Jẹ́ kí n rí ohun tó o ti ṣe,” ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú fóònù kiri. Kó tó rí nǹkan kan, iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó lè gbà á ni fídíò kúkúrú kan tó kó iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù jọ, tó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Demo reel ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pè é. Àwa ọlọ́jà mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wa: àpẹẹrẹ ọjà ni. Aṣọ tó wà nínú bélì, ta ló máa ná an?

Ìwé ẹ̀rí nìkan ò tó

Jos kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún 1979 ni ìjọba àpapọ̀ dá Nigerian Film Corporation sílẹ̀, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fíìmù, Jos níbí sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní 1995, wọ́n dá National Film Institute sílẹ̀ níbí kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ NTA tó ń kọ́ni níṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà wà ní Rayfield. Ọmọ tó bá ráyè lọ irú ibẹ̀, kó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gbé fídíò fúnni gé, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ló máa gbà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Terminus fi lè bá ẹni tó lọ ilé ẹ̀kọ́ ńlá du iṣẹ́ kan náà.

Ẹ tọ́jú rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣà á

Kí ọmọ tó kó iṣẹ́ fún oníbàárà, kó ti fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú hard disk tiẹ̀, kó tún fi òmíràn sí ibòmíràn. Fídíò tá a bá kàn fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ṣe ni WhatsApp máa ń fún un pọ̀, ojú rẹ̀ á wá ṣú. Tó bá di dandan láti gba ibẹ̀, kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, bó ṣe rí náà ló máa dé.

Lẹ́yìn náà ni ṣíṣà. Kí gbogbo ẹ̀ má ju ìṣẹ́jú 1 sí 2 lọ. Ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kì í ní sùúrù. Tí ìbẹ̀rẹ̀ ò bá dùn, á ti kọjá sórí ti ẹlòmíràn. Torí náà, iṣẹ́ tó dára jù ni kó síwájú. Orúkọ tó kàn ń yí bírí-bírí kì í ṣe iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ ń tijú rẹ̀, kó yọ ọ́. Tòmátì kan tó rà nínú apẹ̀rẹ̀ ni ojú oníbàárà máa ń lọ sí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ á kàn to àwòrán tó ń sáré tẹ̀lé ìlù. Ó dùn ún wò, àmọ́ kò fi hàn bóyá ó lè gé ìran tí èèyàn méjì ti ń sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló yẹ ká wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀? Ìgbà wo ló yẹ ká wo ojú ẹni tó ń gbọ́? Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹ́dítọ̀. Kí irú ìran bẹ́ẹ̀ kan wà níbẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, kí ohùn rẹ̀ sì já gaara. Tí ọmọ ò bá tíì rí irú iṣẹ́ yẹn gbà, kí òun àti ojúgbà rẹ̀ fi fóònù ya ọ̀kan nínú àgbàlá, kó gé e.

Èdè 3, owó ni

Ọmọ wa tó dàgbà ní Jos ń gbọ́ Yorùbá nílé, ó ń gbọ́ Haúsá lọ́jà, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé. Kánò ni ibùdó àwọn tó ń ṣe fíìmù Haúsá. Fíìmù Yorùbá ní tiẹ̀ ti dé orí Netflix, níbi tí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan ti jáde ní 2022. Ẹ́dítọ̀ tí kò gbọ́ èdè lè gé òwe àgbà sí méjì, kó dá ìlàjì rẹ̀ nù. Kí ọmọ fi ìran Yorùbá kan àti Haúsá kan sínú reel rẹ̀, kó kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀, kó sì sọ pé òun gbọ́ èdè 3. Ẹ̀yin òbí, Yorùbá tẹ́ ẹ̀ ń bá ọmọ sọ nílé kì í ṣe ti àṣà nìkan mọ́.

Ẹ gba àṣẹ

Òfin Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo fíìmù àti orin. Ọmọ tó bá fi orin olórin sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìgbàṣẹ, YouTube lè dá orin náà mọ̀, kí wọ́n sì ti fídíò rẹ̀ pa. Orin ọ̀fẹ́ wà ní YouTube Audio Library. Ti òde ìdílé, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e síta, pàápàá ti ìsìnkú àti ti ọmọdé. Opó tó ń sunkún ọkọ ẹ̀ ò sunkún torí ìpolówó wa.

Ẹni tó bá bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, kó kọ ipa tí òun kó síbẹ̀: “Èmi ni mo gé e, lágbájá ló yà á.” Irọ́ tó bá wà nínú reel, ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló máa tú.

Ibi tí a máa pàtẹ rẹ̀ sí

YouTube kì í gbowó. Tí ọmọ ò bá fẹ́ kí gbogbo ayé rí i, kó yan “Unlisted”; ẹni tó bá ní líǹkì rẹ̀ ló máa rí i. Kó kọ orúkọ, irú iṣẹ́, Jos, nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì síbẹ̀, kó má kọ àdírẹ́sì ilé. DaVinci Resolve ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, CapCut sì wà lórí fóònù. Tí láptọ̀ọ̀pù ò bá lágbára, kó ṣe ẹ̀dà kékeré tí wọ́n ń pè ní proxy, kó fi ìyẹn gé e, kó tó padà sórí ti gidi. Tó bá ti gbé e sókè tán, kó yá fóònù ẹlòmíràn wò ó.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa òbí àti ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn bàbá wa wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Jos, ṣe ni wọ́n ní láti gbé ọjà tọ oníbàárà lọ. Lónìí, ọmọ lè jókòó ní Tudun Wada, kó máa gé fíìmù ẹni tó wà ní Ìbàdàn, láìgba ojú ọ̀nà tó ń ba gbogbo wa lẹ́rù. Owó hard disk àti owó dátà, owó òwò ni, bí èyí tá a fi ń kó ọjà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ́ náà lè fún ọmọ tó gé fídíò ọdún wa ní ìwé àṣẹ láti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ hàn. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá rí reel, tó wá ní kí ọmọ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó gbé iṣẹ́ fún un, kí ọmọ náà sá fún un. Iṣẹ́ là ń ṣe gbowó, a kì í sanwó gbaṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kó yọ iṣẹ́ àtijọ́, kó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọjà tó bá pẹ́ jù lórí àtẹ, eruku ló ń gbà.