Ìbẹ̀rù Tí Kò Lọ: Ohun Tí Másùnmáwo Ń Ṣe Nínú Ara



Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, tí àwọn agbébọn wọ ààfin Koro tí wọ́n sì pa Olúkoro, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ni kì í fi ọkàn balẹ̀ lọ sí oko mọ́. Kí ni irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ara?

Bí ènìyàn bá rí ewu, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí ẹ̀yà kékeré méjì tí ó jókòó sórí kíndìnrín bí fìlà. Àwọn wọ̀nyí a tú oje tí àwọn oníṣègùn ń pè ní họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Adirẹnalíìnì ni ó ń kọ́kọ́ dé: àyà a máa lù kìkì, mímí a yára, kí ènìyàn lè jà tàbí kí ó sá. Kọ́tísọ́ọ̀lù a tẹ̀ lé e; ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ewu bá kọjá, ara a rọlẹ̀. Ire ni èyí. Òun ni ó ń gba ọdẹ lọ́wọ́ ejò.

Ṣùgbọ́n ewu tí a ń rò lóru kò ní òpin. Bí kọ́tísọ́ọ̀lù kò bá lọ sílẹ̀, oorun a dá, ẹ̀jẹ̀ a máa ru, ọ̀rá a gbá jọ sí ikùn, nǹkan oṣù obìnrin lè dàrú. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn lè dé.

Kí wá ni ojúṣe awo? Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé láàárín ará abúlé, wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Kò ní kí ọ̀kan lé èkejì jáde.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ wa nítorí àìsùn tàbí àyà jíjá, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ẹni tí ó rí ẹni fọ̀rọ̀ lọ̀, ara a máa tù ú. Lẹ́yìn náà, kí a ní kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ilé ìwòsàn, nítorí àrùn yìí kì í sábà fara hàn kí ó tó ṣe ibi. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn, kí ó má ṣe tìtorí ẹbọ dá a dúró. Àwa náà tí a ń gbọ́ ẹdùn ọmọ aráyé, ara ni a gbé wọ̀. Ẹ jẹ́ kí a lọ yẹ tiwa wò.

Kí Orí gbè wá. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.