Bí A Ṣe Ń Fi Ẹjọ́ Ejẹ́ǹtì Ilé Sùn ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ìlú tí àlejò ń wọ̀ tọ̀sán-tòru, agbára káká ni ẹni tí ó ń wá yàrá fi lè yẹra fún ejẹ́ǹtì, nítorí àwọn ni onílé fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà bí iṣẹ́, tí wọn kì í jẹ èrú. Kì í ṣe nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni a ṣe kọ ìwé yìí, bí kò ṣe nítorí ẹni tí ó gba owó yàrá kan ṣoṣo lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé ẹrù dé ní àárọ̀ Sátidé kan náà, tí wọ́n bá ara wọn lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹní, sítóòfù àti fáànù, tí fóònù ejẹ́ǹtì kò sì lọ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dun ayálégbé ni òfin kà sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin dúró sí. Òfin ilé yíyá ti ọdún 2011 sọ pé onílé tàbí ejẹ́ǹtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń gbé ibẹ̀ tí ó sì ń san owó lóṣooṣù. Ẹni tí ó bá rú u yóò san 100,000 náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ẹ kíyè sí i pé àti ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó san án ni òfin yìí bá wí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí òjò ń pa kì í bèèrè iye agboorùn. Òfin náà kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ní ti owó iṣẹ́ ejẹ́ǹtì, LASRERA, àjọ ìjọba tí ń bójú tó òwò ilé àti ilẹ̀ ní Èkó, ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé: bí ilé bá jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún, 60,000 ni tirẹ̀.

Rìsíìtì ni igi lẹ́yìn ọgbà ẹni tí ó ń pẹjọ́. Òfin pàṣẹ pé kí ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà dúró fún wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé tiyín síbi ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa. Bí kò bá ní ju “a gba owó” àti ìfọwọ́sí tí ẹnikẹ́ni kò lè kà lọ, ẹ̀rí tí ó kù díẹ̀ káàtó ni, ẹ fi ìwé báńkì tì í lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ owó lọ́wọ́ ni ẹ san, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́, kódà bí ẹ̀yin náà bá ti bú u níbẹ̀.

Nígbà tí ó bá wá kan ìwé kíkọ, ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. “Olè ni ọkùnrin yìí, Ọlọ́run yóò mú un” kò fún òṣìṣẹ́ tí yóò ka ìwé yín ní ohun kan tí yóò dì mú. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, mo san 650,000 náírà sí àkáǹtì ejẹ́ǹtì yìí fún yàrá kan àti pálọ̀ ní Agége. Ó ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹrin. Títí di òní, n kò rí kọ́kọ́rọ́, n kò sì rí owó. Owó mi ni mo fẹ́ gbà padà.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń gbàgbé gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn, bẹ́ẹ̀ òun sì ni orí ọ̀rọ̀.

LASRERA, tí òfin ọdún 2021 fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ní Aláùsá, kí ẹ sì bèèrè bóyá orúkọ ejẹ́ǹtì náà wà nínú ìwé wọn. Bí aáwọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí ìlàjà lè yanjú, CMC, ilé-iṣẹ́ ìlàjà ará ìlú, kì í gba kọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ́ owó tí iye rẹ̀ dájú, tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, kóòtù gbèsè kéékèèké tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2018 wà fún un, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ kọ̀wé bèèrè owó náà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ yín. Ẹni tí ó fi yàrá kan gba owó ènìyàn mẹ́ta kúrò ní onígbèsè. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, kí olúkúlùkù sì kọ ìwé tirẹ̀, kí wọ́n jọ gbé e lọ.

Ẹ má retí pé kí òṣìṣẹ́ tí ó gba ìwé yín bá yín bínú lójú ẹsẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọn yóò ránṣẹ́ pe ejẹ́ǹtì kí òun náà wá rojọ́ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ìpè yìí nìkan a mú un wá pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ àti apá kan owó, ejẹ́ǹtì náà a sì ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ kò bá òun ṣẹjọ́ mọ́. Ẹ gba èyí tí ó mú wá, ẹ kọ iye rẹ̀ àti iye tí ó kù sílẹ̀, kí òun náà fọwọ́ sí i. Ti ìwé pé ẹjọ́ ti parí, ó di ìgbà tí aláàtì owó tí ó kù bá wọ fóònù yín.