Ohun tí ń gbó àti ohun tí kì í gbó

Ìbéèrè kan máa ń dé iwájú ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó pọ́ǹpù omi abúlé. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n rọ́bà inú rẹ̀ ti pẹ́. Ṣé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, tàbí kí wọ́n dúró títí yóò fi bàjẹ́? Bí wọ́n bá tètè pààrọ̀ rẹ̀, owó lè ṣòfò. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, àwọn obìnrin àti ọmọdé yóò padà sí odò. Ìmọ̀ ìṣirò lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìṣirò àkọ́kọ́ rọrùn. Ká ní ìyá olóúnjẹ kan ní ife onígíláàsì 100. Lóṣooṣù, ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tí ó kù ń fọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, yóò ku 90. Lẹ́yìn oṣù méjì, 81. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nǹkan bí 73. Ife kì í gbó. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, èyí tí a rà lánàá lè fọ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tí a rà lọ́dún tó kọjá. Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó fún ìṣirò yìí. Èdè Faransé ń pè é ní «loi exponentielle». Ẹni tí ó bá da ife àtijọ́ tí kò tíì sán nù láti ra tuntun, ó fi owó ṣòfò ni.

Ṣùgbọ́n táyà alùpùpù kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní àwọn zémidjan fi táyà tuntun 100 sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn oṣù kan, ó lè ku 99. Lẹ́yìn oṣù méjì, 96. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 91. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, 85. Ní oṣù àkọ́kọ́, 1 ni ó bàjẹ́. Ní oṣù kẹrin, 6 ni. Bí a bá lo ìṣirò ife fún táyà, yóò sọ pé táyà tí ó ti gbó kò léwu ju tuntun lọ. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí.

Ní ọdún 1951, Waloddi Weibull, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Swídìn, fi hàn bí ìṣirò kan tí ó ní nọ́ńbà kejì ṣe wúlò tó. Ó fi dán agbára irin, agbára fọ́nrán òwú Íńdíà àti ìbú ẹ̀wà wò. Nọ́ńbà kejì yìí ni ó ń sọ bí ọjọ́ orí ṣe kan ewu. Bí ó bá jẹ́ 1, a padà sí ìṣirò ife. Bí ó bá ju 1 lọ, ewu ń pọ̀ sí i: 2 ni a lò fún táyà òkè yìí. Bí kò bá tó 1, ìbẹ̀rẹ̀ ni ewu pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bíi ti tòmátì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú gbìn sí oko. Èyí tí ó bá ti ta gbòǹgbò, ewu rẹ̀ dín kù.

Ibo ni a ti ń rí nọ́ńbà kejì? Inú ìwé àkọsílẹ̀ ni. Kí ìgbìmọ̀ kọ ọjọ́ tí wọ́n fi rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí i, àti ọjọ́ tí ó bàjẹ́. Kí wọ́n kọ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú. Bí a bá ka àwọn tí ó ti bàjẹ́ nìkan, yóò dà bí ẹni pé rọ́bà kì í pẹ́ rárá.

Bí àkọsílẹ̀ abúlé púpọ̀ bá fi hàn pé nọ́ńbà náà ju 1 lọ, ó lè dára kí a pààrọ̀ rọ́bà kí ó tó bàjẹ́. Bí kò bá ju 1 lọ, kí a ra òmíràn pamọ́, kí a sì dúró. Ìgbìmọ̀ tí kò kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀ kò ní ohun tí onímọ̀ lè ṣírò fún wọn.