Koríko Tí Ilẹ̀ Ọlọ́ràá Kò Bá Lára Mu

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni irúgbìn ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn pápá gọ́ọ̀fù etí òkun ilẹ̀ Skọ́tílándì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Koríko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fescue, ilẹ̀ yanrìn tí kò lọ́ràá ni ó sì ti ń ṣe dáadáa. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Bí ìgbà ooru bá dé, a máa pọ́n bí wúrà, afẹ́fẹ́ a sì máa mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Eré gọ́ọ̀fù kì í ṣe ọmọ àná ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1457 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọba James Kejì ti fi òfin de eré náà, nítorí pé kò jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ráyè kọ́ ọfà títa. Láyé àtijọ́, àgùntàn àti ehoro ni ó ń jẹ koríko etí òkun náà mọ́lẹ̀. Lónìí, ọwọ́ ènìyàn ni iṣẹ́ náà kù sí.

Àwọn ẹgbẹ́ kan lérò pé bí a bá ti dẹ́kun koríko gígé, ẹwà yóò dé fúnra rẹ̀. Àṣìṣe gbáà ni. Koríko líle ni yóò hù, tí yóò dí bí igbó, tí bọ́ọ̀lù yóò sì máa sọnù sínú rẹ̀. Láti ọdún 2019, ìṣẹ́jú 3 péré ni òfin fi sílẹ̀ fún wíwá bọ́ọ̀lù, dípò 5 ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ yóò padà sí ibi tí ó ti gbá a, a ó sì ka gbígbá kan kún un gẹ́gẹ́ bí ìjìyà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin fescue yóò kọ́kọ́ wá ilẹ̀ aláìlọ́ràá. Bí ilẹ̀ bá lọ́ràá jù, wọn a hó erùpẹ̀ òkè kúrò, wọn a sì pa àwọn koríko àtijọ́. Láàárín ìparí oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń fọ́n irúgbìn, nígbà tí ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí òjò sì ti ń bọ̀. Wọn kì í bò ó jinlẹ̀, wọn kì í sì í fọ́n ọn nípọn jù. Ó ń fẹ́ sùúrù ọdún 2 tàbí 3 kí ó tó gbilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọn kì í fún un ní ajílẹ̀, wọn kì í sì í bomi rin ín. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gé e, nígbà tí ó bá ti gbọn irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀, tí ọmọ àwọn ẹyẹ tí ń kọ́ ìtẹ́ sórí ilẹ̀ bá sì ti fò lọ. Ohun tí wọ́n bá gé kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Bí ó bá jẹrà, ọ̀rá ni yóò dà, koríko líle yóò sì tún gba ilẹ̀. Àwọn mìíràn a máa gbin òdòdó kan tí ń jẹ́ yellow rattle sáàárín rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa oúnjẹ lára koríko tí ó yí i ká, bí àfòmọ́ ti ń ṣe sí igi, kí wọn má baà dí jù.

Fescue kò lè fara da ooru ilẹ̀ Nàìjíríà. Síbẹ̀, olùtọ́jú pápá níhìn-ín náà lè fi í ṣe àríkọ́gbọ́n: kò yẹ kí a máa ná owó ajílẹ̀, epo àti omi sí ibi tí kò nílò wọn.