Ebi Ogun Kì í Ṣe Àmúwá Ọlọ́run

Ẹ̀kọ́ Ìtàn ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni a ti yọ ọ́ kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró fún àwọn ọmọ kéékèèké, títí ìjọba àpapọ̀ fi pàṣẹ ní ọdún 2018 pé kí a dá a padà. Inú wa dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ìwé wà nínú àpò ọmọ, ọ̀tọ̀ ni kí a sọ òtítọ́ inú rẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ kan wà tí olùkọ́ a máa fẹ́ fò kọjá bí ẹni fo kòtò. Òun ni ẹ̀kọ́ nípa ebi tí ó pa ènìyàn nínú ogun abẹ́lé wa, láti oṣù Keje ọdún 1967 títí di oṣù Kínní ọdún 1970.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí Ìbàdàn. Ní ìlú yìí ni àwọn ọmọ ogun ti mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi àti Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, tí wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí Yunifásítì Ìbàdàn, fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún kan náà, ó sì padà sí Ìlà-Oòrùn. Akéwì Christopher Okigbo, tí ó kàwé tí ó sì ṣiṣẹ́ láàárín wa, kú sójú ogun ní ọdún 1967. Àwọn tí ebi náà pa jẹ́ ará àti ọ̀rẹ́ àwọn ènìyàn tí a jọ gbé àdúgbò, tí a jọ ná ọjà Dùgbẹ̀.

Báwo ni ebi náà ṣe dé? Ọ̀dá kọ́ ni, eṣú kọ́ ni. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ẹran màlúù ń ti Òkè Ọya wá sí Ìlà-Oòrùn, pánla sì ń gba ojú òkun ti ilẹ̀ Norway wá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sé ojú òkun àti ojú ọ̀nà mọ́ Biafra, tí Port Harcourt sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, ẹ̀gẹ́ àti ewé ni ó kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀gẹ́ a máa yó ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ amúaradàgbà inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ikùn ọmọ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun orí rẹ̀ sì pọ́n. Dókítà Cicely Williams ti kọ̀wé nípa àrùn yìí láti Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, ní ọdún 1933. Nínú èdè Gã ni ó ti mú orúkọ rẹ̀, kwashiorkor: àìsàn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ dé. Ní Biafra, àbúrò kọ́ ni ó já ọmọ lẹ́nu oúnjẹ, ogun ni.

Àwọn ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ àti ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé oúnjẹ lóru lọ sí Uli, níbi tí a ti sọ ojú títì di pápákọ̀. Ìjọba àpapọ̀ wí pé ohun ìjà ń bá pápá kan náà wọlé, nítorí náà kí ọkọ̀ oúnjẹ máa wá lọ́sàn-án, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ojúkwu kọ̀, ó ní àwọn ọ̀tá yóò fi ìyẹn gba pápá náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, ọkọ̀ ogun ìjọba yìnbọn já ọkọ̀ Alágbèélébùú Pupa kan bọ́ láti òfurufú. Bí àgbà ti ń jiyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń kú. Àwọn òpìtàn kà òkú ogun náà láti ìdajì mílíọ̀nù títí dé mílíọ̀nù méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ebi ni ó sì pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé wa. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni Kọmíṣánnà fún ètò ìṣúná nígbà náà. Ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1983, Olóyè fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé: wọ́n lọ sí àwọn ìlú tí ìjọba ti gbà, wọ́n rí àwọn tí kwashiorkor ń ṣe, wọ́n sì gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun ni ń dènà gba oúnjẹ tí a ń fi ránṣẹ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe pinnu pé kí a dá oúnjẹ náà dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ará ìlú yóò jìyà. Chinua Achebe, tí òun náà kàwé ní Ìbàdàn, dá Olóyè lẹ́bi gidigidi nínú ìwé There Was a Country ní ọdún 2012. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa rò pé ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀ yìí wọ kíláàsì ń tàbùkù Olóyè. Èrò tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lélẹ̀ ní ọdún 1955 kò fi í lélẹ̀ kí ọmọ wa lè máa ka ìdajì ìwé. Kí olùkọ́ gbé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kalẹ̀, kí àwọn ọmọ fi ọgbọ́n orí wọn wọ̀n wọ́n.

Kí olùkọ́ sì fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n pẹ̀lú. Biafra kì í ṣe Auschwitz, àgọ́ ìṣẹ́níṣẹ̀ẹ́ tí àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì dá sílẹ̀ ní Poland ní ọdún 1940. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti 100,000 ènìyàn ni wọ́n pa níbẹ̀, Júù sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ. Oúnjẹ òòjọ́ ẹlẹ́wọ̀n ni omi dúdú bíi kọfí láàárọ̀, ọbẹ̀ ṣíṣàn lọ́sàn-án, àti nǹkan bí 300 gíráàmù búrẹ́dì lálẹ́, èyí tí ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù fún òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Níbẹ̀, pípa ènìyàn run ni ète ìjọba gan-an. Ní ti wa, ìhà méjì ni ó ń jagun. Síbẹ̀, ohun kan so wọ́n pọ̀: ọwọ́ ènìyàn ni ó di òṣùwọ̀n mú. Ta ni kọ́kọ́rọ́ àká wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni ó pín oúnjẹ? Ta ni ó kọ́kọ́ jẹ? Ọmọ tí ó bá mọ ìbéèrè mẹ́ta yìí ti mọ ìtàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ gbé òṣùwọ̀n wá sí kíláàsì, kí ẹ wọn 300 gíráàmù búrẹ́dì, kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ebi pa ọmọ kankan nítorí àtikọ́ ọ. Ebi kì í ṣe eré, ọmọ tí kò tíì jẹun láti àná sì lè wà níwájú yín. Ẹ má sì fi àwòrán ọmọ tí ikùn rẹ̀ wú ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Àwòrán a máa pa ni lẹ́kún, ṣùgbọ́n kì í sọ ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ rán àwọn ọmọ lọ bá àgbà ilé wọn tí ogun náà ṣojú rẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 1977, àwọn orílẹ̀-èdè fi kún òfin Geneva pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ebi pa ará ìlú nítorí ogun. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières dé àgọ́ ogunléndé ní Bama, ní ìpínlẹ̀ Borno, ní ọdún 2016, àwọn ọmọ tí ebi ń pa kú lọ ni wọ́n bá níbẹ̀. Òfin nìkan kò tó. Nínú àwọn ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì lónìí ni kọmíṣánnà àti ọ̀gágun ọ̀la yóò ti jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ebi ogun jẹ́, kí òṣùwọ̀n tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́.