Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Ń Pe Oníbàárà Wọlé Lórí Google

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì létí àwọn kan nínú wa, ṣùgbọ́n owó wa ló wà níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kó fún ọmọ kà fún un.

Gbogbo wa la mọ ìpolówó. Ẹni tó ru àgbàdo tí kò fọhùn, ta ni yóò mọ̀ pé àgbàdo ló rù? Ó ṣáà ti fi nǹkan bò ó. Ṣùgbọ́n tó bá ké pé àgbàdo ọ̀sìngín rèé o, ó gbóná o, ẹni tó wà nínú yàrá ti mọ ohun tó ń tà, ó ti mọ bó ṣe rí, ó sì ti mọ̀ pé kò jìnnà sí òun. Ìgbà yẹn ni yóò tó sọ pé "alágbàdo, yà síbí."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lórí Google. Bí oníbàárà bá tẹ ohun tó ń wá sórí fóònù, Google á to ojú ìwé oríṣiríṣi síwájú rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, bí ìgbà tí ìsọ̀ tò lọ lójú ọ̀nà. Á rí àkọlé tó tóbi, lẹ́yìn náà ìlà méjì tàbí mẹ́ta kéékèèké lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ohun tó wà nínú ìsọ̀ yẹn. Ìlà kékeré yìí ni ọ̀rọ̀ wa. Àwọn tó ń ṣe ojú ìwé ń pe ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún un ní meta description. Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé náà kò ní rí i níbẹ̀. Ibi ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, Google ló ń lọ mú un síta.

Ohun tó jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni pé ọ̀kan nínú wa tó ń ta èlùbọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan lówó kó ṣe ojú ìwé fún òun. Ó ṣe é. Kò pẹ́ ló tún padà wá gba owó mìíràn, ó ní òun fẹ́ fi meta sí i, pé meta yìí ni yóò gbé e dé òkè téńté lórí Google. Ìyá yìí sanwó. Kò sí ohun tó yí padà. Nígbà tí a ní kí ọmọ wa kan tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá wa wo inú rẹ̀, èlùbọ́, èlùbọ́, yam flour, èlùbọ́ ló tò síbẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ. Ohun kan náà yẹn ló tún lẹ̀ mọ́ ojú ìwé epo àti ti gàrí. Ta ló ń polówó èlùbọ́ níwájú kẹ́ẹ̀gì epo?

Ká sọ tòótọ́, ayé kan wà tí irú àtòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ríṣẹ́ ṣe. Ní àsìkò AltaVista, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, àwọn tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò pọ̀ tó báyìí, ẹ̀rọ sì ń gba ohun tí olójú ìwé bá sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́. Àwọn ènìyàn wá ń kó ọ̀rọ̀ síbẹ̀ bí ẹní ń rọ àgbàdo sínú àpò. Nígbà tí Google dé ní 1998, ó ń wo ohun tó wà nínú ojú ìwé gan-an àti àwọn ojú ìwé mìíràn tó ń tọ́ka sí i. Ní oṣù kẹsàn-án 2009, Google fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ síta pé àwọn kò fi àtòpọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní meta keywords pinnu ipò ẹnikẹ́ni, pé meta description náà kò sí nínú ohun tí àwọn fi ń to ipò. Nítorí náà ẹni tó bá tún wá gbowó yín lórí èyí, ẹ bi í pé ṣé ó ti gbọ́ ti 2009.

Ẹnì kan lè wá ní, bí kò bá gbé ni sókè, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà tún bèèrè! Bí ìsọ̀ mẹ́wàá bá tò, ti oníbàárà sì ń wò wọ́n, ọ̀kan ni yóò wọ̀. Ohun tó kà lábẹ́ àkọlé yẹn ni yóò fi yan èyí tí yóò wọ̀. Google tún máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀ ní dúdú kirikiri nínú ìlà náà, ojú rẹ̀ á sì tètè lọ síbẹ̀. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀: elubo lásán ni wọ́n ń tẹ̀. Ọmọ wa tó wà ní London lè tẹ yam flour. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó.

Ti àwa ará Ìlúpéjú tún lágbára ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìlúpéjú wà ní Èkó, lápá Múṣin àti Òṣòdì, níbi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹni tó bá tẹ Ìlúpéjú, ti Èkó lè kún ojú fóònù rẹ̀. Bí ìlà kékeré yín bá kàn sọ pé ẹ wà ní Ìlúpéjú, ará Ìkọ̀lé tó fẹ́ ra nǹkan á rò pé Èkó ni, á kọjá lọ. Láti 2011 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tó ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé, àlejò tó wà láàárín wa kì í ṣe kékeré, wọn kò sì mọ ọ̀nà ọjà wa bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ìlúpéjú-Èkìtì ni kí ẹ kọ, nínú ìlà náà àti nínú ojú ìwé pẹ̀lú.

Ìyá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ohun tí a bá a kọ rèé: "Èlùbọ́ iṣu láti Ìlúpéjú-Èkìtì, ó gbẹ dáadáa, kò ní yanrìn. À ń tà á ní kọ́ńgò àti àpò, a sì ń fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Èkó." (Àwa Èkìtì, iyán la fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ àmàlà kò kéré.) Kò tó lẹ́tà 150. Kò sí òfin pé kí ó gùn tó báyìí, ṣùgbọ́n tó bá ti ń kọjá nǹkan bíi 155, Google sábà máa ń gé ìdí rẹ̀, pàápàá lórí fóònù. Ní ìparí 2017 wọ́n fi ààyè sí i tó fi gùn tó nǹkan bíi 320, nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún 2018 wọ́n ti dín in kù. Ohun tó ṣe kókó ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. "Ẹ káàbọ̀ sí ojú ìwé wa" yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò, oníbàárà kò tíì wọlé tí ẹ fi ń kí i káàbọ̀.

Kí ẹ má sì purọ́. Bí ẹ bá ní kò ní yanrìn, tí yanrìn wà níbẹ̀, ẹ ti mọ bí ẹnu ọjà ṣe ń ràn. Nígbà mìíràn, Google lè pa ohun tí ẹ kọ tì, kó lọ mú ọ̀rọ̀ nínú ojú ìwé tó bá ìbéèrè oníbàárà mu jù. Ìdí nìyẹn tí ohun tó wà nínú fi gbọ́dọ̀ jọ ohun tó wà níta. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sì ni kó ní tirẹ̀, epo lọ́tọ̀, gàrí lọ́tọ̀.

Ẹni tí kò ní ojú ìwé kankan náà lè jẹ nínú rẹ̀. Google Business Profile, ọ̀fẹ́ ni, ó ní ààyè lẹ́tà 750 láti fi sọ ohun tí ẹ ń tà. WhatsApp Business, tó jáde ní 2018, ní ibi tí wọ́n ń to ọjà sí láti 2019, àlàyé sì wà fún ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sì ń fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó ní kí ọmọ tó ṣe ojú ìwé fún un kọ og:description pẹ̀lú, òun ló sábà máa ń hàn lábẹ́ àwòrán líǹkì yẹn.

Láti yẹ tiyín wò, ẹ tẹ site: sínú Google, kí ẹ fi àdírẹ́sì ojú ìwé yín tẹ̀ lé e láìfi ààyè sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá kà lábẹ́ àkọlé ni oníbàárà ń kà. Bí ẹ bá tún un ṣe lónìí, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ kó tó yí padà. Ẹni tí kò bá yé, kó gbé fóònù rẹ̀ dání wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a ó jọ wò ó lẹ́yìn tí a bá gba owó oṣù tán.